Ẹja Àyà Bàbá Rẹ

Rómulo ọmọ mi,

Kí ìwé yìí tó kàn ọ́ lọ́wọ́ ní Lima, kí ara rẹ ti le bí òkúta òkè wa, kí ọ̀gá rẹ má rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀, kí Màríà Mímọ́ tó ń ṣọ́ adágún wa máa bá ọ lọ, kó máa bá ọ bọ̀. Gbogbo wa ló wà láàyè níbí. Yìnyín bọ́ sórí ọ̀dùnkún wa ṣùgbọ́n kò pa gbogbo rẹ̀, lámà funfun ọlọ́rùn gígùn yẹn sì ti bí akọ kan.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé àyà ti ń dùn ún láti ìgbà ìkórè. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Yeni, nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí abúlé wa, ọmọ náà wé aṣọ kan mọ́ ọn lápá, aṣọ ọ̀hún sì ń wú, ó ń fún un. Mo rò pé àìsàn ló ń fún jáde, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún apá kejì náà kí nǹkan kan má baà ṣẹ́kù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lòun ń wọ̀n, pé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ń ru, pé ọ̀rá àgùntàn tó ń jẹ ń ni ọkàn rẹ̀ lára, bí kò bá sì yí padà, wọn á gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ní Lima. Bàbá rẹ ní Lima kẹ̀? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, pósí ni wọ́n fi gbé e padà wálé. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Yeni wá ní kó máa jẹ trúṣà, ẹja tí Ẹlíseo ará ilé kejì ń sìn nínú àwọ̀n lórí adágún. Ó ní òróró inú rẹ̀ dára fún ọkàn, ó dára fún ojú àti ọpọlọ, ó ń fún àgbàlagbà lágbára láìkó ọ̀rá burúkú sí i lára, omi tí wọ́n ti ń sìn ín sì tutù, ó mọ́. Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹja tí wọ́n há mọ́lé tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún bí ẹlẹ́wọ̀n, òun ò ní fi kan ẹnu. O kúkú mọ orí kunkun rẹ̀.

Èmi wá rò ó pé oògùn tí ẹnu kọ̀, ara lè gbà á. Ṣebí bí àìsàn bá ṣe wá, kúì dúdú, eku tí a ń sìn nídìí ààrò, la máa ń mú, a ó fi ra aláìsàn látorí dé ẹsẹ̀ kó lè gba àìsàn náà sára, a ó là á wò, a ó sì lọ sin ín. Mo bá ra trúṣà láàyè nínú korobá, mo ní kí bàbá rẹ dùbúlẹ̀, mo fi ra á láyà. Ẹja náà fi ìrù gbá a létí. Bàbá rẹ ní nínú gbogbo ìyà tí òun ti jẹ lọ́wọ́ mi, èyí ló tutù jù. Ìgbà tí mo là á, inú rẹ̀ pupa bíi kárọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ funfun ni ẹja odò tí mo mọ̀ láti kékeré! Mo ní háà, àìsàn náà rèé. Mo lọ sin ín lẹ́yìn ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pupa ni gbogbo wọn, mo sì ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àyà dídùn ò fi í sílẹ̀. Puka ajá wa ni ara rẹ̀ ń yá. O rántí Puka, tí kò lè dìde mọ́, tí a ti ń wá ibi tí a máa sin ín sí? Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ń lé mọ́tò lójú títì. Bàbá rẹ ṣọ́ ọ lọ, ó sì ká a mọ́ ẹ̀yìn ọgbà níbi tó ti ń hú ẹja jẹ. Inú bí i gan-an. Ó ní òun ń ṣàìsàn, ajá ń jẹ oògùn! Ó ní kí n lọ ra òmíràn, kí n sè é pẹ̀lú ọ̀dùnkún, kí n má sì fi ra òun lára mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ ẹ́, ọ̀rá àgùntàn ti kúrò nílé wa. Nígbà tí mo ròyìn fún Yeni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní oúnjẹ tí wọ́n ń fún ẹja yẹn ló ń sọ ọ́ di pupa. Mi ò bá a jiyàn. Ó tún wé aṣọ rẹ̀ mọ́ bàbá rẹ lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń rọlẹ̀, kó má fi oògùn oníhóró tí òun fún un sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ọsibítù Lima mọ́. Lánàá bàbá rẹ gun òkè lọ wo àwọn lámà, ó padà dé, ó ń bá mi jà pé ọbẹ̀ ò tíì jinná. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún ayọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó ẹja ránṣẹ́, torí ẹnu méjì ló ń jẹ ẹ́ báyìí, Puka ò gbà kí a yọ òun sílẹ̀. Ọjọ́ tí Yeni fi ojú rẹ hàn mí nínú fóònù rẹ̀, o ti rù. Mo sáré lọ gbé ẹja kí n fi ra ojú rẹ nínú fóònù náà, Yeni gba ẹja lọ́wọ́ mi. Mo ti yan ọ̀kan gbẹ fún ọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa gbé e fún ọ. Mi ò fi ra ẹnikẹ́ni lára. Jẹ ẹ́.

Ọlọ́run á mú ọ dàgbà, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ wá sí Lima lẹ́yìn ìkórè, láti wá kí ọ, pé lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ni òun máa wà lọ, ibẹ̀ náà ni òun máa wà bọ̀, kì í ṣe nínú pósí.

Èmi ni Saturnina, ìyá rẹ.