Ìkòkò Kọfí Bàbá Rẹ Ń Bọ̀ Nínú Ọkọ̀ Rẹ

Cavite,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1985.

Crispulo ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo gbà pé ara rẹ le, pé òkun kò sì fi ọ́ ṣeré jù. Èmi náà wà. Orúnkún mi kò dùn mí ju tàná lọ.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní wọ́n fẹ́ kí o fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́fà mìíràn nínú ọkọ̀ yẹn kí oṣù yìí tó parí, o sì bi mí pé kí ni kí o ṣe. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí.

Wọ́n fa àsíá ọkọ̀ bàbá rẹ wálẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ọkọ̀ náà ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ. O mọ̀ pé mẹ́rin ni àwọn ọkọ̀ ogun firigéètì náà, ti bàbá rẹ àti tìrẹ wà nínú wọn, wọ́n jọra bí ìbejì. Amẹ́ríkà ló kàn wọ́n nígbà ogun ńlá, kí wọ́n máa sin ọkọ̀ ẹrù la òkun kọjá. Nígbà tí wọ́n lò wọ́n gbó, wọ́n fà wọ́n lé àwọn ará Vietnam lọ́wọ́. Ogun lé àwọn ìyẹn náà, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà sá wá bá wa. Ogójì ọdún, àsíá mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ ọ̀kan bá kú, wọ́n á yọ ti èkejì fi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rin ṣe di méjì.

Àsíá kò tíì balẹ̀ dáadáa tí wọ́n ti ń kó ẹrù inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, pé ọkọ̀ tìrẹ ní Zamboanga ló ni ín. Mo rí ìkòkò kọfí tí bàbá rẹ fi wáyà bàbà di lọ́wọ́, nígbà ayé rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Mo bẹ Mang Serapio, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń darí àwọn tó ń kó ẹrù náà, pé kó fún mi.

Ó ní, “Leonila, ti ìjọba ni. Àbí ìwọ náà fẹ́ di ọkọ̀ ogun ni?”

Mo ní, “Ká ní ọkọ̀ ogun ni mí, ẹ ò bá ti tú mi tán tipẹ́.”

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e lọ.

Nítorí náà, ọkọ̀ tìrẹ nìkan ló kù. Ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ báyìí, kò sí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n máa yọ ọ́ lára rẹ̀ mọ́. Má fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Bacoor ìtòsí wa níbí ń wá òṣìṣẹ́. Mo ti lọ béèrè. Owó wọn kò tó ti ìjọba, ṣùgbọ́n ilé lèèyàn ń sùn. N kò ní purọ́ pé nítorí irin nìkan ni. Ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan.

Bí ìkòkò náà bá dé, mu kọfí nínú rẹ̀.

Kí Olúwa sìn ọ́ délé, bí àwọn ọkọ̀ yẹn ti sin ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Nanay Leonila.

Àfikún: Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo rí ọkọ̀ ogun aláwọ̀ eérú kan láti ojú fèrèsé, ó ń wọ èbúté. Mo rò pé ìwọ ni. Mo pa adìyẹ, mo se ìrẹsì ẹni méjì. Ọkọ̀ bàbá rẹ ni, wọ́n ń fà á bọ̀ wá tú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ oúnjẹ náà tán. Ní báyìí tó ku ẹyọ kan, n kò lè ṣì í mọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo bá tún rí i, ìrẹsì ẹni méjì ni màá gbé kaná.