Ẹrẹ̀ Tó Wà Lórí Mi

Àbúrò mi, ọ̀gá onífíìmù,

Láàárọ̀ yìí, bàbá wa ṣàdédé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì da tíì gbígbóná sára aṣọ rẹ̀. Ìwọ ni wàá fọ aṣọ rẹ̀.

O fi ẹrẹ̀ àtewé lẹ irun mi pọ̀ pé èmi ni àjẹ́ inú igbó nínú fíìmù rẹ. O ti ya ibi tí mo kú, o ní mi ò gbọdọ̀ fọ orí àfi tó o bá ya ibi tí mo wà láàyè. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti tì mí sí yàrá ẹ̀yìn, kí oníbàárà má baà rí mi. Mo mú àlùmọ́gàjí kí n fi gé irun náà, mo tún gbé e sílẹ̀ torí iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

O ti rí òkú mi yà. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ lónìí, jọ̀ọ́, yà mí láàyè. Orí ń yún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.