Ọ̀já Ọ̀fọ̀ Lápá Ọ̀tún

Tae-shik, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí kò mọ ojú ìyá bàbá wọn. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹ̀fọ́ kímúchì aláta tí a ó jẹ nígbà òtútù ti wà nínú ìkòkò.

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. O gé ara rẹ jáde nínú fọ́tò tó o yà ní Tòróńtò, o lẹ̀ ẹ́ sáàárín wa níbi ìsìnkú Bàbá, kí wọ́n lè ní o wá. Ibi tí mo dúró sí fún ọjọ́ mẹ́ta lo fi ara rẹ bò. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún lo so ọ̀já ọ̀fọ̀ mọ́. Ta ni kò mọ̀ nílé wa pé tí bàbá bá kú, apá òsì là ń so ó mọ́, tí ìyá bá kú, apá ọ̀tún ni?

Màmá wò ó títí. Ó ní, "Bun-rye, àṣé ọmọ mi ti sin mí."

Mo ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é.

Ó ní, "Ó dáa. Kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá sin mí lẹ́ẹ̀kejì."

Jọ̀wọ́, má fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́. Àdúrà mi ni pé kí àwọn ọmọ tìrẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn wá sin ọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bun-rye