Ìkéde Òkú Rex Dunmore

Ẹ̀gbọ́n mi Oreste,

Àárò yín ń sọ wá ní Róòmù. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ṣì ń dun Màmá, àmọ́ ẹnu wọn ò sinmi. Òróró ólífì tún ti gbówó lórí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kábọ́ọ̀ì ní kò sẹ́ni tó máa wo èyí tí ará Ítálì kọ, ni Saverio bá ń fi orúkọ Amẹ́ríkà, Rex Dunmore, sí gbogbo ìtàn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ìkéde òkú lára ògiri ilé búrẹ́dì: Rex Dunmore ti kú, Ọjọ́bọ̀ ni ìsìnkú. Saverio bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ́ ká lọ wo òkú mi!"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a bá pósí ní ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùfáà béèrè pé, "Ta ni ẹbí olóògbé?" Saverio ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Èmi ni."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pe Saverio, kì í dáhùn. Màmá ní, "Àna mi, ṣé etí ẹ ti di ni?" Àfi bí mo bá pe Rex ló tó ń yíjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é. Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún wa. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó jókòó níwájú mi, ó ń jẹ búrẹ́dì, táípúráítà rẹ̀ sì ń dún nínú yàrá kejì, níbi tí kò sí ẹnì kankan.

Àbúrò yín,
Ersilia