Ìyàwó Ti Lọ Já Òdòdó

Ojúlé Kẹtàlá,
Ọ̀nà Ọgbà,
Kashan.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ordibehesht, ọdún 1403.

Mahlaqa mi, ọ̀rẹ́ àtikékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ológbò yín tó máa ń sùn sínú abọ́ ìfọṣọ? Mo mọ̀ pé ooru ti ń mú ní Isfahan lọ́hùn-ún. Níbí, láti ìdájí ni wọ́n ti ń já òdòdó rósì, wọ́n ń sè é di omi rósì nínú ìkòkò bàbà lójúlé-dójúlé, gbogbo àdúgbò sì ń ta sánsán débi pé oorun ń kun èèyàn lọ́sàn-án gangan. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà yìí, òórùn rósì ni kí o bá wí.

Lẹ́tà rẹ ti dé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo kà á, mo tún un kà. O ní Jahangir ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fẹ́ mi, pé ó ti pé ọdún méjì tí Heshmat ọkọ mi ti kú, pé kò dáa kí obìnrin máa dá gbé. O sì ní o ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé n ó gbà, torí o mọ inú mi ju èmi fúnra mi lọ. Ìṣe rẹ náà nìyẹn. Mi ò tètè fèsì torí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé yìí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún ọ.

Àwọn onífíìmù kan láti Tehran ló háyà àgbàlá mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin ni olùdarí wọn, Arezu ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n bó bá ní kí géńdé ọkùnrin mẹ́fà dákẹ́, wọn a dákẹ́. Nígbà tó rí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó gbà mí síṣẹ́. Ìbòrí ni mo ń rán ṣáá. O kúkú mọ fíìmù wa: obìnrin ò gbọdọ̀ ṣí irun sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ì báà jẹ́ òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló wà ní yàrá. Màmá Batul, aládùúgbò wa ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ní kó wá ṣe ìyá àgbà nínú eré náà, bi Arezu pé, "Ọmọ mi, ṣé òtútù ló máa ń mú gbogbo yín nínú fíìmù ni?" Arezu rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín.

Yìgì ni wọ́n fẹ́ yà lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Parand, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló ṣe ìyàwó. Wọ́n gbé e jókòó síwájú dígí, àwọn ọmọge na aṣọ funfun sókè orí rẹ̀, àwọn abilékọ sì ń ha ṣúgà líle sórí aṣọ náà kí ayé rẹ̀ lè dùn. Wọ́n ti yí orúkọ gbogbo wọn padà kí yìgì má baà lọ so nítòótọ́. Síbẹ̀, aya gidi tí òṣèré tó ṣe ọkọ ní nílé wọ mọ́tò wá láti Tehran. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó jókòó ti kámẹ́rà, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó ní òun kàn wá gbatẹ́gùn ni.

Màmá Batul ló yẹ kó máa bá ìyàwó fèsì ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, bí ìṣe wa, kí ìyàwó tó dáhùn fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí àáfáà bá ti béèrè, màmá á bẹ̀rẹ̀ àdúrà gidi, á tún bi ọkọ pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Arezu yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí Farangis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá."

Àáfáà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, bí ti ọjọ́ yìgì tèmi. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kíní bóyá ìyàwó gbà. Mo ní, "Ìyàwó ti lọ já òdòdó." Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ìyàwó ti lọ bu omi rósì wá." Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni Parand ti yẹ kó ní òun gbà, ṣùgbọ́n Arezu ti sọ fún un pé kó kọ́kọ́ dákẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ó dákẹ́. Ṣúgà ń bọ́ lẹ́búlẹ́bú sórí aṣọ. Oòrùn gba ara aṣọ náà wọlé, ó dà bí ẹni pé inú wàrà ni gbogbo wa wà. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà, mo sì rí ọrùn ara mi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Mahlaqa, ṣé o rántí? Ìwọ lo di etí aṣọ mú lẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo dákẹ́. Gbogbo wọn rò pé ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo fẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ìwé mi ná, mo ń wá ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́ ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, lóhùn mi gẹ́lẹ́: "Mo gbà." Àwọn ọkùnrin gbọ́, wọ́n kí ara wọn kú oríire, ó parí. O fi ìka gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, o ní, "Mo rí i pé ẹnu rẹ gbẹ, ni mo bá gbà ọ́ sílẹ̀." Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Heshmat kì í ṣe èèyàn burúkú, kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí ọ fún ọdún pípẹ́, mi ò ní purọ́, mi ò sì jẹ́ kí o mọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo kàn gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Ìyàwó ò tíì dé. Kí ẹnikẹ́ni má bá a dáhùn." Kò sí nínú ìwé eré. Àáfáà yọjú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Màmá Batul ní, "Òótọ́ ló sọ, ẹ jẹ́ kó dé ná, ta ló ń lé yín?" Parand bú sẹ́kún. Arezu ò dá kámẹ́rà dúró.

Wọ́n tún un yà bó ṣe wà nínú ìwé. Arezu ní tèmi lòun máa lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń yẹ fíìmù wò lè ní kí wọ́n gé e. Kí wọ́n máa gé e o, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ó tún ní kí n wá máa ránṣọ fún òun ní Tehran. Bí rósì bá ti tán nílẹ̀, n ó lọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ. Màmá Batul ní kí n kí ọ. Mo fi ìgò omi rósì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tìrẹ ni. Ìbínú yẹn ti tán. Bá mi kí Jahangir tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èèyàn dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Kà á sí i létí bí mo ṣe kọ ọ́, má fi kún un, má yọ níbẹ̀. O kúkú mọ ohùn mi, o ti fi sọ̀rọ̀ rí.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹsẹ̀,
Farangis.