Ọkọ̀ Tí Àkànní Fẹ́ Gé

Abẹ́òkúta, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹwàá, 1863

Odò Ògùn kún, kò sí ọkọ̀ kan lórí rẹ̀. Òwú kún ilé mi dé àjà. Àwọn atukọ̀ mi ń jókòó lásán láti ìgbà tí àwọn olóyè ti ti odò pa. Parákòyí tó ń ṣe olórí oníṣòwò mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀, síbẹ̀ mo kàn ń kọ̀wé sí i ṣáá.

Àwọn kan nílùú ní kí a tì í kí ebi lè pa Èkó. Àwọn kan ní àwa gan-an lebi ń pa.

Lọ́sàn-án mo bá Àkànní létí odò pẹ̀lú àáké. Ó fẹ́ gé ọkọ̀ rẹ̀ sí méjì, kí ìyàwó rẹ̀ máa fi ṣe ọpọ́n tó ń fọ epo. Mo ní kó dúró.

“Ọ̀gá, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ní kí n dúró, ọmọ mi ń rá. Ó ti ń sáré báyìí.”

Àwọn atukọ̀ yòókù rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ yẹn ló gbé Débọ̀ọ́lá ìyàwó mi lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Ékòó. Ó ń fi ọwọ́ wọ́ omi bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n ní etí mi ni ọmọ náà ní. Ohùn rẹ̀ ńkọ́...

Àkànní gbé àáké lé èjìká. “Mo máa dúró di ìrọ̀lẹ́ Ajé, ọ̀gá. Nítorí ìyàwó yín ni.”

Láàárọ̀ ọ̀la, ilé Parákòyí ni mo ń lọ, mi ò kọ̀wé mọ́. Màá sọ fún un pé: Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ Àkànní nìkan kọjá, kó gbé òwú lọ, kó gbé ìyàwó àti ọmọ mi bọ̀. Ẹ fún mi lésì kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó wọ̀.