Sééfù Tí Alàgbà Fátóbi Fi Sílẹ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ẹkúndayọ̀ Alámáṣíìnì,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ògúntádé,
                                        Èjìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Olújídé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tí o ní wọn kì í sọ Yorùbá mọ́ àfi Faransé? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wálé lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Fáfúnkẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnu rẹ ṣì ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Èmi kọ́ ló sọ ọ́ o. Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù ni pé ẹ̀rín rẹ kò ní jẹ́ kí n parí ohun tí mo fẹ́ sọ.

O rántí Alàgbà Joseph Fátóbi ìjọ wa, tí wọ́n gbé Abidjan fún ọdún mọ́kàndínlógún kí wọ́n tó padà wálé. Ó ti pé ọdún kan báyìí tí wọ́n ti lọ. Òkúta tí ìjọ ní kí wọ́n gbẹ́ sí ojú oórì wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣetán lọ́dọ̀ agbẹ́kùúta ní Masifa, ó ku ìlà kan péré: "Ọkọ aya kan." Màmá Joanna, opó wọn, ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìlà yẹn títí a ó fi ṣí sééfù.

Abidjan ni Bàbá ti gbé sééfù náà bọ̀. Àpótí irin dúdú ni, ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọ yàrá. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Bíríkítí kan ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n to nọ́ńbà yí ká bí ojú aago. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti sọ fún Màmá pé ohun tó wà níbẹ̀ kò kàn wọ́n. Ìwọ náà mọ ohun tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi yóò rò. Màmá ní fọ́tò ìyàwó mìíràn ló wà ńbẹ̀, tòun ti àwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí òkúta máa parọ́ lórí ọkọ àwọn, kí orogún kan wá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan kó máa fi àwọn rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń to èébú sílẹ̀ de obìnrin náà.

Ẹnu ara mi ló kó bá mi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, mo ń fọ́nnu pé ẹni tó lè tú máṣíìnì ìránṣọ palẹ̀ kó sì tò ó padà, kí ni sééfù fẹ́ fi hàn án? Mi ò mọ̀ pé Màmá wà lẹ́yìn mi. Ọjọ́ kejì ni mo bá ara mi níwájú sééfù.

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ nọ́ńbà. Bàbá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin wọn: sí òsì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí o dúró lórí 36, sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹrin, kí o dúró lórí 12, sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kí o dúró lórí 50, lẹ́yìn náà kí o yí i sí ọ̀tún títí yóò fi dúró. A yí i títí, kò ṣí. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i, kò ṣí. Ayọ̀olúwa, àkọ́bí wọn, gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin wá, Màmá lé e jáde. Wọ́n ní ará àdúgbò kò ní gbọ́ pé àwọn fọ́ àpótí ọkọ àwọn. Èmi fi etí lé e bíi dókítà, ọkàn ara mi nìkan ni mo gbọ́.

Ìtìjú fẹ́ pa mí. Sùlàímọ́nù tó ń ra irin àlòkù ni Ọlọ́run fi ṣàánú mi. Ó ní ilẹ̀kùn irú sééfù yẹn kan, ẹnu ilé adìẹ ló fi ń dí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi pákó dí ti adìẹ, mo gbé ilẹ̀kùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Olújídé, ẹni tó ṣe nǹkan yìí mọṣẹ́! Àwo irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra bíi bọ́bìnì òwú máṣíìnì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àlàfo kan létí. Bí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ sójú kan náà, irin kékeré kan á jìn sínú wọn, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí o bá ti ń yí bíríkítí, àwo kan ló ń fa èkejì, èkejì á fa ìkẹta, bí ọmọ ìyá tó fa ara wọn lọ́wọ́ lọ síbi ìnáwó. Mo wá rí i pé bí o bá fi ìyípo kan péré lé e nígbà tí o ń lọ sí ọ̀tún, àwo tí o ti fi sí ààyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún bá wọn lọ.

Mo lọ sọ fún Màmá pé ó dà bíi pé ìyípo ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń ṣi nǹkan kà. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Màmá. Wọ́n ní, "Ẹkúndayọ̀, máa lọ sílé. Ọjà ni mò ń lọ. Ó di ọjọ́ karùn-ún, lọ́jọ́ ọjà mìíràn, kí o tó padà wá dà mí láàmú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Òní ọjọ́ ọjà, ọ̀kan. Ọ̀la, méjì. Ọ̀túnla, mẹ́ta. Ìka karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an. Mo dúró, mo tún un kà. Òní wà nínú ẹ̀! Bí ti ilé ìwé bá ni, ọjọ́ mẹ́rin la ó pè é. Àwa ń pè é ní márùn-ún, torí pé ibi tí a dúró sí la ti ń kà. Ó dá mi lójú pé nígbà tí ẹni tó ta sééfù fún Bàbá ń yí i hàn wọ́n, ibi tó ti gbéra ni Bàbá kà ní ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà láti kékeré.

Mo kígbe pé kí Màmá má tíì lọ. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú iye ìyípo kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Sééfù dún kọ̀ọ́. Ayọ̀olúwa na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, Màmá gbá a lọ́wọ́ dànù. Wọ́n ní àwọn ló ni orogún, àwọn ló máa kọ́kọ́ rí i.

Ṣúgà ni, Olújídé. Páálí ṣúgà onígun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n tò ó dé òkè. Mílíìkì alágolo méjì, bisikíìtì, ife kan, àti ṣíbí kan tí ṣúgà ti gbẹ mọ́. Màmá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbọn ìsàlẹ̀ wò. Ìwé ilé àti káàdì ìgbélùú Abidjan ló wà lábẹ́. Kò sí fọ́tò, kò sí lẹ́tà, kò sí obìnrin kankan.

Ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó kú ni dókítà ti ní kí Bàbá má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí lójoojúmọ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo lákòókò náà.

Mo ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlá, Ẹkúndayọ̀. Ògì láìsí ṣúgà. Èmi náà ò fi sẹ́nu, kó má baà dà bíi pé mò ń gbádùn ara mi níṣojú wọn. Wọ́n á mu ún tán, wọ́n á wojú mi, wọ́n á ní, 'Joanna, ó dùn.'" Àánú wọn ṣe mí gan-an, ẹ̀rín sì tún ń pa mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Gbogbo èébú tí wọ́n ti tò sílẹ̀ de orogún, fọ́tò Bàbá tó wà lára ògiri ni wọ́n dà á lé lórí, wọn ò fo ọ̀kan. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí Ayọ̀olúwa gbé ògì gbígbóná wá. Wọ́n ń ju ṣúgà sí i, mo kà á dé mẹ́fà kí n tó gbójú kúrò. Mo rọra bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n mu ògì díẹ̀, wọ́n dijú, omi ń bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Kó kọ ọ́: ọkọ aya kan. Ṣùgbọ́n kó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀ o. Mi ò tíì bínú tán."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, àti gbogbo ará ilé wa tó bá bèèrè mi lọ́hùn-ún. Ọlọ́run á jẹ́ kí á fojú kanra ní ayọ̀.

Èmi ni tìrẹ tí kì í yẹ̀,

Ẹkúndayọ̀.